Omi, Búrẹ́dì àti Àlejò: Ìdánwò Sáńwíìṣì Aláta fún Oúnjẹ Àárọ̀ ní Ilé Ìgbàlejò Kékeré

Ilé ìgbàlejò kékeré yàtọ̀ sí òtẹ́ẹ̀lì ńlá ní ti pé ẹni tí ó ni ín sábà máa ń gbé inú rẹ̀, pé yàrá tí ó fi ń gba àlejò kò pọ̀, pé owó ibùsùn ti kó oúnjẹ àárọ̀ mọ́ra, àti pé ọwọ́ ẹnì kan tàbí méjì péré ni ó wà ní ilé ìdáná nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Ní Ìlú Ọba, níbi tí irú ilé bẹ́ẹ̀ ti wọ́pọ̀ ní àwọn ìlú etí òkun, àwo ńlá tí ó kún fún ẹyin díndín, sọ́séèjì, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀, ẹ̀wà inú agolo àti búrẹ́dì yíyan ni àlejò ń retí. Ní San Francisco ní ọdún 2007, àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n wá dá ilé-iṣẹ́ Airbnb sílẹ̀ kọ́kọ́ fi ibùsùn onífẹ́ẹ́fẹ́ àti oúnjẹ àárọ̀ gba àlejò mẹ́ta sínú ilé tí wọ́n háyà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, a ń rí irú ilé yìí ní Abẹ́òkúta, ní Badagry, ní Ìbàdàn àti ní Òṣogbo, níbi tí ọdún Ọ̀ṣun ti ń kó èrò jọ ní oṣù kẹjọ ọdọọdún, láti ìtòsí àti láti òkèèrè, títí kan àwọn tí wọ́n ń bọ̀ láti Brazil, láti Cuba àti láti Amẹ́ríkà.

Ìṣòro onílé bẹ́ẹ̀ kò le láti ṣàpèjúwe. Àlejò mẹ́fà lè wà nínú ilé rẹ̀, kí ẹnì kan fẹ́ jáde ní aago mẹ́fà, kí òmíràn má jí títí di aago mẹ́sàn-án, kí ẹlòmíràn má jẹ ẹran rárá, kí gbogbo wọn sì fẹ́ oúnjẹ gbígbóná tí ó ní iyọ̀ àti ata, tí kì í ṣe àkàrà òyìnbó onísúgà tàbí jáàmù. Sáńwíìṣì, èyíinì ni búrẹ́dì tí a là tàbí tí a gé sí méjì tí a sì fi oúnjẹ mìíràn sí àárín rẹ̀, yanjú púpọ̀ nínú ìṣòro náà, nítorí pé a lè ṣe é ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí àlejò bá ṣe ń jáde láti yàrá, a lè fi ọwọ́ jẹ ẹ́, a sì lè dì í fún ẹni tí ó ń kánjú. Ṣùgbọ́n sáńwíìṣì tí ó dára ní ìṣẹ́jú tí a ṣe é lè di ohun rírọ̀ jàlàjàlà kí àlejò tó jókòó, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ onílé sì ń rò pé adùn ni ó kù, tí wọ́n wá ń fi ẹran kún ẹyin, tí wọ́n ń fi ṣíìsì kún ẹran. Omi ni ó ń ba irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ jẹ́ ju ohunkóhun mìíràn lọ. Ibi tí omi wà, ibi tí ó ń lọ, àti bí ó ṣe máa pẹ́ tó kí ó tó dé ara búrẹ́dì ni ó yẹ kí alásè kọ́kọ́ wádìí kí ó tó wá adùn tuntun kiri.

Ìtàn sáńwíìṣì àárọ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí èyí. Orúkọ John Montagu, Earl kẹrin ti Sandwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó gbé láyé láàárín ọdún 1718 àti 1792, ni wọ́n fi pe oúnjẹ náà, Edward Gibbon òpìtàn sì ti dárúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìrántí rẹ̀ ní ọdún 1762. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni sáńwíìṣì ẹlẹ́yin tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí wáyé, nígbà tí Herb Peterson, tí ó ni ilé oúnjẹ McDonald's ní Santa Barbara ní ìpínlẹ̀ California, ń gbìyànjú láti sọ oúnjẹ kan tí wọ́n ń pè ní eggs Benedict di ohun tí a lè fi ọwọ́ mú. Ẹyin rírọ̀ lórí búrẹ́dì roboto, pẹ̀lú ọbẹ̀ bọ́tà àti ẹyin tí a rọ sí i lórí, ni oúnjẹ náà. Peterson rí i pé ọbẹ̀ náà ṣàn jù, ó sì yọ ọ́ kúrò, ó fi ègé ṣíìsì kan tí ó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ lórí ẹyin gbígbóná rọ́pò rẹ̀. Ó tún ṣe òrùka tí a ń da ẹyin sí kí ó lè rí roboto bí búrẹ́dì náà, kí ohunkóhun má baà yọ jáde létí. Iṣẹ́ méjèèjì, yíyọ ohun tí ń ṣàn kúrò àti mímú kí ohun inú bá búrẹ́dì mu, ni ẹnikẹ́ni tí ó bá ń dán sáńwíìṣì àárọ̀ wò níbikíbi yóò tún ṣe lọ́nà tirẹ̀.

Búrẹ́dì ni ògiri ilé náà, ó sì tọ́ kí ìdánwò ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ìlà-oòrùn Atlantic níbi tí a wà yìí, onílé ìgbàlejò ní àǹfààní kan tí a kì í sábà kà sí, òun ni búrẹ́dì Agége. Ìtàn búrẹ́dì títà ní Èkó kò ṣeé sọ láìdárúkọ Amos Shackleford, ọmọ ilẹ̀ Jamaica tí ó dé sí Nàìjíríà ní ọdún 1913 láti ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ rélùwéè, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ búrẹ́dì ní ọdún 1921, tí ó fi ẹ̀rọ rọ́pò ọwọ́ nínú pípo ìyẹ̀fun títí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ fi gbilẹ̀. Nínú irú iṣẹ́ búrẹ́dì yìí, wọ́n ń mú ìyẹ̀fun pípò gba àárín irin roboto méjì kọjá lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n á ká a, wọ́n á tún tì í wọlé, títí gbogbo ihò ńlá inú rẹ̀ yóò fi parẹ́ tí yóò sì máa dán. Ìdí nìyí tí inú búrẹ́dì Agége fi ki, tí ó fi ń fà bí a bá ya á, tí ihò rẹ̀ sì kéré tí ó sì dọ́gba. Búrẹ́dì tí ihò rẹ̀ tóbi, irú èyí tí àwọn ará Ítálì fẹ́ràn, ń jẹ́ kí ọbẹ̀ jò gba inú rẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí ó ń jẹ ẹ́. Búrẹ́dì tí wọ́n ti gé sínú ọ̀rá, tí ó fúyẹ́, ń fọ́ ní gbàrà tí omi bá kàn án. Agége ń gba omi sára díẹ̀díẹ̀, kò sì tètè já. Ó ní àléébù tirẹ̀: ó dùn díẹ̀ nítorí ṣúgà inú rẹ̀, nítorí náà ohun tí a bá fi sí i gbọ́dọ̀ ní iyọ̀ àti ata tó; ó sì wúwo nínú, tí ó fi jẹ́ pé ègé tí ó nípọn ju ìka kan lọ yóò bo ohun tí ó wà láàárín mọ́lẹ̀. Kí onílé tún béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń ṣe búrẹ́dì fún un bóyá ó ń lo potassium bromate, kẹ́míkà kan tí ń mú búrẹ́dì wú tí àjọ NAFDAC ti fi òfin dè, nítorí pé àlejò tí ó fi ara rẹ̀ lé ilé kan lọ́wọ́ kò ní ọ̀nà láti bi í fúnra rẹ̀.

Yíyan búrẹ́dì kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ní ọdún 1912, Louis-Camille Maillard, onímọ̀ kẹ́míkà ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣàlàyé ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìgbóná bá da ṣúgà àti èròjà tí ń mú ara dàgbà pọ̀, tí ó ń mú kí oúnjẹ pọ́n, kí ó máa ta sánsán. Ìpọ́n yìí kì í sì í yá lórí ohun tí ó tutù, nítorí pé omi kì í jẹ́ kí ojú oúnjẹ gbóná kọjá 100°C títí tí yóò fi gbẹ tán. Nígbà náà, búrẹ́dì tí ojú rẹ̀ ti pọ́n jẹ́ búrẹ́dì tí ojú rẹ̀ ti gbẹ, èyí tí ó lè dúró de omi ẹyin tàbí ti tòmátì fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó rọ̀. Ojú inú, tí yóò fara kan oúnjẹ, ni ó yẹ kí a yan jù, kì í ṣe ojú ìta tí àlejò ń rí. Níbi tí iná mànàmáná kò ti ṣeé gbára lé, páànù gbígbẹ lórí gáàsì ń ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa ju ẹ̀rọ ìyan-búrẹ́dì lọ, nítorí pé ojú kan ṣoṣo ni ó ń yan. Lẹ́yìn náà ni bọ́tà, tí a fi pa á kárí títí dé etí: ọ̀rá kì í jẹ́ kí omi kọjá, ibi tí bọ́tà kò bá sì dé ni búrẹ́dì yóò ti kọ́kọ́ rọ̀.

Omi ara oúnjẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwà tirẹ̀. Iyọ̀ tí a wọ́n sórí tòmátì ń fa omi inú rẹ̀ jáde, nítorí náà kí a gé tòmátì, kí a wọ́n iyọ̀ sí i, kí a fi í sílẹ̀ lórí asẹ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí a sì fi aṣọ mímọ́ nù ún, sàn ju kí iyọ̀ náà máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ nínú sáńwíìṣì. Ẹyin tí a pò ń há omi mọ́ra bí ó bá jinná díẹ̀díẹ̀ lórí iná kékeré. Bí iná bá pọ̀ jù, àwọn èròjà inú rẹ̀ á súnkì, wọ́n á fún omi náà jáde, òun ni omi funfun tí a máa ń rí lábẹ́ ẹyin díndín nínú àwo. Ata lílọ̀ àti àlùbọ́sà tútù tí a dà sínú ẹyin ń bu omi kún un, nítorí náà kí a kọ́kọ́ dín wọn títí omi wọn yóò fi gbẹ kí a tó da ẹyin lé e. Ẹ̀fọ́ ṣọkọ tàbí tẹ̀tẹ̀ ń fẹ́ kí a bọ̀ ọ́ kí a sì fún un gidigidi. Èyí tí ọ̀pọ̀ kò kíyè sí ni ooru tí ń rú: bí a bá fi fóìlì di sáńwíìṣì gbígbóná pa, ooru náà á di omi, á sì padà sórí búrẹ́dì, bébà ìdìpọ̀ tí afẹ́fẹ́ lè gba inú rẹ̀ ni ó yẹ kí a lò, pẹ̀lú ìṣẹ́jú díẹ̀ tí a fi jẹ́ kí oúnjẹ náà mí kí a tó dì í.

Nígbà tí a bá fi ojú yìí wo oúnjẹ àárọ̀ Yorùbá, ọrọ̀ ńlá ni a ó rí. Búrẹ́dì àti àkàrà jẹ́ oúnjẹ tí àìmọye ènìyàn ń jẹ lójú pópó ní kùtùkùtù, ó sì ya ni lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ ilé ìgbàlejò ń sá fún un, tí wọ́n ń fi sọ́séèjì àti ẹ̀wà inú agolo rọ́pò rẹ̀ bí ẹni pé oúnjẹ ilé kò yẹ àlejò. Àkàrà dára fún sáńwíìṣì nítorí pé epo ti lé omi kúrò ní ara ìta rẹ̀, inú rẹ̀ sì fúyẹ́ nítorí afẹ́fẹ́ tí a pò mọ́ ẹ̀wà lílọ̀. Kí a lọ ẹ̀wà pẹ̀lú omi díẹ̀ jù lọ tí ọlọ lè gbà, kí a pò ó títí yóò fi wú, kí a má sì fi iyọ̀ àti àlùbọ́sà sí i àfi nígbà tí epo bá ti gbóná, nítorí pé àlùbọ́sà tí a gé sílẹ̀ ń tú omi sínú rẹ̀. Àkàrà roboto kéékèèké tí wọ́n ń tà lójú ọ̀nà ń yí bọ́ láti àárín búrẹ́dì. Ìdánwò tí ó yẹ kí onílé ṣe ni kí ó fi ṣíbí pẹlẹbẹ bù ú sínú epo láti ìtòsí, kí ó rí pẹrẹsẹ, kí ó fẹ̀ tó ègé búrẹ́dì. Lẹ́yìn díndín, orí asẹ́ irin ni kí ó gbé e sí. Inú kúlà tí a pa ìdérí rẹ̀ dé, tí a máa ń kó àkàrà sí kí ó má tutù, ni ó ń sọ ọ́ di rírọ̀.

Mọ́ínmọ́ín tilẹ̀ lè ta àkàrà yọ fún ilé tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ̀wà tí a sè báyìí ti so omi rẹ̀ mọ́ ara pátápátá, omi náà kì í sì í jáde mọ́ sí ara búrẹ́dì. Bí a bá sè é ní alẹ́ nínú páànù pẹlẹbẹ, tí a gbé e sínú fíríìjì di òwúrọ̀, yóò le débi tí a ó fi lè gé e ní ègé ègé ní ìwọ̀n búrẹ́dì. Ègé kọ̀ọ̀kan á wá lọ sórí páànù tí a ta epo díẹ̀ sí, títí ojú méjèèjì yóò fi pọ́n. Ẹja yíyan tí a ti yọ egungun rẹ̀, tàbí ẹyin sísè tí a gé sí wẹ́wẹ́, lè wà nínú rẹ̀ láti ìgbà sísè, tí kò fi ní sí pé ohun mẹ́rin ń yọ̀ lórí ara wọn nígbà tí àlejò bá gé e jẹ. Nínú gbogbo àbá tí ó wà nínú àpilẹ̀kọ yìí, èyí ni ó tọ́ jù kí onílé kọ́kọ́ dán wò.

Ẹ̀wà àgànyìn le díẹ̀ ju èyí lọ, nítorí pé ọbẹ̀ rẹ̀ ni adùn rẹ̀. Ata gbígbẹ àti àlùbọ́sà tí a dín pẹ́ nínú epo títí wọn yóò fi dúdú ni ọbẹ̀ náà; omi kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n epo rẹ̀ pọ̀, búrẹ́dì sì ń fa epo kíákíá. Ọ̀nà àbáyọ ni kí a tẹ ẹ̀wà rírọ̀ náà mọ́ ojú búrẹ́dì méjèèjì, kí a sì fi ọbẹ̀ sí àárín ẹ̀wà, kí ẹ̀wà lè gba epo sára. Ní ti wàrà, tí àwọn obìnrin Fúlàní ń ṣe láti inú wàrà màlúù pẹ̀lú oje ewé bọmubọmu, tí a sì ń tà káàkiri láti Ìlọrin títí dé ilẹ̀ Benin, ànímọ́ kan wà tí ó sọ ọ́ di ohun iyebíye fún àlejò tí kì í jẹ ẹran: kì í yọ́ lórí iná bí ṣíìsì òyìnbó. A lè gé e nípọn, kí a fi ohun wúwo tẹ̀ ẹ́ kí omi rẹ̀ jáde, kí a fi ata àti iyọ̀ pa á, kí a sì dín in títí yóò fi pọ́n, kí ó sì ṣì dúró gírígírí láàárín búrẹ́dì bí ẹran.

Àwọn ará Bahia ní Brazil ti gbé ìdánwò yìí lọ sí ibòmíràn pátápátá, nítorí pé wọ́n yọ búrẹ́dì kúrò. Acarajé wọn, tí àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú lọ gbé débẹ̀, jẹ́ àkàrà ńlá tí a dín nínú epo pupa, tí a là láàárín, tí a sì fi vatapá sínú rẹ̀, èyíinì ni ọbẹ̀ kíki tí a fi búrẹ́dì, edé, ẹ̀pà, oje àgbọn àti epo pupa sè, pẹ̀lú ilá, ata àti edé gbígbẹ. Ní ọdún 2005, ìjọba Brazil fi iṣẹ́ àwọn obìnrin tí ń tà á sínú ìwé àjogúnbá orílẹ̀-èdè náà. Àkàrà ti di búrẹ́dì níhìn-ín, búrẹ́dì sì ti wọ inú ọbẹ̀ lọ láti mú un ki kí ó má baà ṣàn. Àlejò láti Salvador tí ó bá sùn sí Òṣogbo, tí a sì gbé àkàrà lílà tí ó ní ọbẹ̀ kíki nínú fún un ní òwúrọ̀, yóò mọ oúnjẹ náà, yóò sì rí i pé kò rí bákan náà pẹ̀lú ti ilé rẹ̀.

Ìdánwò tí kò ní ètò kò lè kọ́ ènìyàn ní ohunkóhun. Bí alásè bá pa búrẹ́dì, ata àti ọ̀nà díndín dà lẹ́ẹ̀kan náà, tí oúnjẹ náà sì dára, kò ní mọ èyí tí ó fa ìdára náà. Ohun kan ni kí ó pa dà ní ìgbà kan, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì ṣe sáńwíìṣì méjì: kí ó jẹ ọ̀kan lójú ẹsẹ̀, kí ó fi èkejì sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú kí ó tó tọ́ ọ wò, nítorí pé èkejì yìí ni ó sún mọ́ èyí tí àlejò yóò jẹ ní tòótọ́ lẹ́yìn tí ó bá ti wá bàtà rẹ̀, tí ó ti dáhùn fóònù. Àwọn onílé ní Amẹ́ríkà yanjú ọ̀rọ̀ àkókò yìí lọ́nà mìíràn: wọ́n ń to búrẹ́dì, ṣíìsì àti ẹran sínú páànù ní alẹ́, wọ́n á da ẹyin tí a pò mọ́ mílíìkì lé e, wọ́n á gbé e sínú fíríìjì, wọ́n á sì yan án nínú ófúnù ní òwúrọ̀. Wọ́n mọ̀ pé búrẹ́dì yóò rọ̀, nítorí náà wọ́n jẹ́ kí ó rọ̀ tán pátápátá, kí ẹyin sì so ó pọ̀. Bí iná kò bá dúró déédéé tí fíríìjì yóò fi máa tutù di ilẹ̀ mọ́, kí onílé má ṣe dán ọ̀nà yìí wò.

Láàárín 5°C àti 60°C ni àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru ń bí sí i kíákíá, oúnjẹ tí a ti sè kò sì gbọdọ̀ wà nínú ìgbóná bẹ́ẹ̀ ju wákàtí méjì lọ. Ẹyin tí a pò fún ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́dọ̀ gbóná dé 71°C láàárín, nítorí kòkòrò àìfojúrí Salmonella. Ní Ìlú Ọba, 63°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni òfin ní kí a ti máa tọ́jú oúnjẹ tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ ní gbígbóná. Nítorí náà, kí a dín ẹyin lẹ́yìn tí àlejò bá ti jókòó ló dára, kì í ṣe kí a dín ti gbogbo wọn ní aago mẹ́fà.

Ewu kan tún wà tí ìgbóná kò lè pa. Ara àwọn ènìyàn kan kì í gba ẹ̀pà, edé, ẹyin, wàrà, àlìkámà tàbí yànmọtí, ìwọ̀nba díẹ̀ rẹ̀ sì lè pa wọ́n. Ní ọdún 2016, Natasha Ednan-Laperouse, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kú lẹ́yìn tí ó jẹ sáńwíìṣì kan tí yànmọtí wà nínú búrẹ́dì rẹ̀ tí a kò kọ ọ́ sí ara rẹ̀. Òfin tí a fi orúkọ rẹ̀ pè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìlú Ọba ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, ó sì fi dandan lé e pé kí gbogbo èròjà inú oúnjẹ tí a ti dì sílẹ̀ kí oníbàárà tó yàn án hàn lára rẹ̀, kí àwọn mẹ́rìnlá tí òfin dárúkọ pé ara àwọn kan kì í gbà sì hàn ketekete. Sáńwíìṣì fi inú rẹ̀ pamọ́ ju àwo oúnjẹ lọ. Edé lílọ̀ nínú mọ́ínmọ́ín kò ṣeé fi ojú rí, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀pà nínú ọbẹ̀ kíki. Ní alẹ́ tí àlejò bá dé, nígbà tí a ń fún un ní kọ́kọ́rọ́ yàrá, ni kí onílé bi í léèrè ohun tí ara rẹ̀ kò gbà àti aago tí yóò jẹun, kí ó kọ ọ́ sórí bébà kan tí yóò lẹ̀ mọ́ ara ilẹ̀kùn fíríìjì, kí ẹni tí yóò kọ́kọ́ wọ ilé ìdáná ní òwúrọ̀ lè rí i kí ó tó gbé ọ̀bẹ.